Ta Ni Wọ́n Kà?

Iye kan ló ń jà ràìn lọ́kàn mi. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ: wọ́n ní bí obìnrin Nàìjíríà bá pé ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú wọn ló ń bóra. Iye yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Festac. Torí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò wa, a ò sì lè pe orúkọ àjọ̀dún náà kó pé láìfi 77 kún un. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí etí mi tètè gbé e. Àmọ́ ta ló kà wọ́n? Níbo ló ti kà wọ́n?

Mo tọ ipasẹ̀ iye náà. Ó wà nínú ìwé pélébé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011 lórí mákúrì inú ìpara. Àwọn náà mú un láti ọ̀dọ̀ àjọ UN tó ń mójú tó àyíká, nínú ìwé tiwọn ti 2008. Wọ́n fún Tógò ní 59, South Africa 35, Senegal 27, Mali 25. Àwa la gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2002, West African Journal of Medicine ti tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí olùwádìí kan, Adebajo, ṣe láàárín àwọn oníṣòwò ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ènìyàn 450 ló dáhùn, 348 nínú wọn ní àwọn ń lo ìpara tó ń múni pupa. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in, 77.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò já sí. Oníṣòwò Èkó ni gbogbo wọn o, tọkùnrin tobìnrin. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni iye náà ti ṣẹ̀, bó sì ṣe jọ lójú tèmi nìyẹn, a jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìsọ̀ ọjà sì ti di odindi orílẹ̀-èdè kó tó dé ọ̀dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. N kò rí ẹ̀bi ẹni tó ṣe ìwádìí. Ohun tó rí ló sọ. Àwa tó ń tún un sọ la gé e lórí gé e nírù.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sún mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó tún iye náà kà: àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn dókítà tó ti gboyè tán tí wọ́n tún ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àrùn awọ. National Postgraduate Medical College, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, kò jìnnà sí wa: Ìjànìkin ni, lórí títì Badagry. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó bá ń ti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà bọ̀ wá ṣèdánwò yóò já sí Mile 2, yóò kọjá First Gate àti Second Gate Festac wa, yóò sì pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi tiwa. Ìmọ̀ àrùn inú ara ni yóò kọ́kọ́ gbà kó tó yà sí ti awọ, kò sì ní di ọ̀gá láìkọ ìwé ìwádìí, kó dúró níwájú àwọn àgbà kó gbèjà rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀nà ìwádìí àti ìṣirò rẹ̀. 

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ibi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn. Nígbà tí iṣẹ́ alẹ́ àti ti ọ̀sán bá ti tán rẹ́sídẹ́ǹtì lókun, àwọn aláìsàn tó jókòó síwájú rẹ̀ ní kíláíǹkì ló rọrùn jù láti kà. Àwọn tí ìpara sì ti hàn léèmọ̀ nìkan ló ń dé kíláíǹkì: ojú Fanta, oríkèé ìka Coke, awọ tó ti fẹ́lẹ́ débi tí okùn dókítà oníṣẹ́ abẹ ò fi lè mú un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Olúmidé ti LUTH àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àwọn ìjàǹbá wọ̀nyí jọ nínú International Journal of Dermatology lọ́dún 2008, títí kan òórùn ẹja tó ń jáde lára ẹni. Ẹni tí ìpara ṣì ń dùn mọ́ nínú ńkọ́? Ó wà ní ọjà Trade Fair, ó ń rajà.

Ẹni tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń ro báyìí ni Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Freetown ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, ó kàwé ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó, ó sì di dókítà ìjọba l'Ékòó lọ́dún 1896. Baba tí a kì í dárúkọ lọ́sàn-án gangan, ìyẹn àrùn ṣọ̀pọ̀ná, ń dá ara ìlú láàmú nígbà náà. Sapara ò jókòó ti ilé ìwòsàn. Ó wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná lọ, ó jókòó láàárín wọn, ó sì jáde wá sọ pé àwọn aworo kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba fòfin de ìsìn náà lọ́dún 1907. Ìgbìmọ̀ tó ń gbé ìwádìí yẹ̀ wò lónìí ò jẹ́ buwọ́ lu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí Sapara fi ara rẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó ń wádìí nípa wọn. Mo sì ń wòye ohun tí àwọn aworo náà ì bá sọ ká ní ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ta ló kọ́ Sapara ní ọ̀nà ìwádìí? Àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1970, ẹni ìkẹyìn tó sì mú nílé ayé láìti inú yàrá ìwádìí wá, Merca ní Sòmálíà ló ti mú un, ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. 77 náà tún nìyẹn! Kò túmọ̀ sí ohunkóhun, ó kàn wù mí ni.

Kì í ṣe pé kò síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa. Moshi wà ní Tanzania, lẹ́sẹ̀ òkè Kilimanjaro, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti 1992. Ilé ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ ALERT wà ní Addis Ababa láti 1965, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kí rẹ́sídẹ́ǹtì wa lọ síbẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìjọba ìbílẹ̀ wa, Amuwo-Odofin, mo ń rí i pé ilé ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀. Festac ní avenue, ní road, ní close, ilé sì ní nọ́ńbà. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ gègé yan ilé tí yóò kàn yóò rí i ṣe. Trade Fair ń bẹ lẹ́yìnkùlé fún ẹni tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Kirikiri àti Agboju kò jọ Festac rárá, ìdáhùn wọn sì lè má jọra. Ó ṣeé ṣe kí iye náà ju 77 lọ. Ó ṣeé ṣe kó má tó ìlàjì rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà tí ìmọ̀ ìṣirò ò lè yanjú: irọ́. Ta ni yóò sọ fún àlejò pé òun ń bóra? “Mo kàn ń tún awọ mi ṣe ni,” “bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí,” bẹ́ẹ̀ ike ìpara wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, bí ọ̀dọ́ dókítà kan bá dá yín dúró ní Second Gate lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń fi para fún un gan-an.