Ta Ni Yóò Dá Asọ̀rọ̀mágbèsì Lóhùn?

Àwọn baba wa ló sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Yèyé, kò gbà fún orúkọ yìí rárá. Ó máa ń fèsì. Bí olóṣèlú kan bá ní òun yóò ṣe ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, Yèyé á ní, "Èwo nínú rẹ̀? Èyí tí ẹ ti fi ẹnu ṣe lẹ́ẹ̀mẹta?" Bí wọ́n bá sì kí i pé "Èkìtì kete!" lórí afẹ́fẹ́, á dáhùn, "Kete kete!" kódà bó bá jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn ló kí i. Ó ní ìkíni kò lẹ́ṣẹ̀.

Yèyé kò ríran mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti Ìjìgbò títí dé Àjìlósùn kò lè sọ ohunkóhun fún un, kò sì sí Wasáàpù lọ́wọ́ rẹ̀. Rédíò kékeré alábátìrì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni fèrèsé tó fi ń wo Èkìtì. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí bóyá àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ń ṣe ojúsàájú nígbà ìbò kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé tiwa. Ẹni tó ní ojú lè wo ibòmíràn. Ní ti Yèyé, ẹni tí wọn kò bá dárúkọ lórí rédíò, kò jáde du ipò.

Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ kì í fẹnu kò lórí òṣèlú. Tíṣà ni bàbá mi, APC ló fẹ́. Àbúrò rẹ̀ ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ìkéré, nítorí náà Dádì Ìkéré la máa ń pè é, PDP sì ni tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá kí Yèyé. Bí a bá ti palẹ̀ abọ́ mọ́, ìjà ẹnu dé.

Èyí tí mo rántí jù lọ nínú ìjà wọn ni ti ọdún 2018. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Keje, ni wọ́n dìbò gómìnà. Ayọ̀délé Fáyóṣe ló wà lórí oyè. Igbákejì rẹ̀, Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá, ló ń du ipò náà lábẹ́ PDP, Káyọ̀dé Fáyẹmí sì ni ti APC. Kí INEC tó kéde ẹni tó wọlé, Fáyóṣe ti gba orí rédíò àti tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀, ó ní igbákejì òun ló borí. NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Yèyé kò mọ̀. Ó rò pé bátìrì ló kú. Ó fún mi lówó, mo sáré ra tuntun, mo fi sí i, rédíò kò fọhùn lórí ìkànnì tó ti mọ́ ọn lára. Ó ní kí n gbọ̀n ọ́n. Mo gbọ̀n ọ́n. Ó ní ṣé mi ò kọ orí bátìrì sí ìdí ni. Dádì Ìkéré, tó ti dé láti àárọ̀ ọjọ́ náà, dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, "Yèyé, kì í ṣe bátìrì. Ìjọba àpapọ̀ ni."

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ní òfin kò fún gómìnà láyè láti kéde èsì ìbò, INEC nìkan ló ni iṣẹ́ yẹn, àti pé rédíò tó bá sọ fún ìlú pé ẹni tí kò wọlé ló wọlé lè mú kí àwọn ènìyàn bá ara wọn jà. INEC ti ka èsì nígbà náà: Fáyẹmí ní ìbò 197,459, Olúṣọlá ní 178,121. Dádì Ìkéré kò jiyàn lórí òfin. Ohun tó ń bi í nínú ni ẹni tó mú òfin náà lò. Ó ní APC ló ń ṣe ìjọba ní Àbújá, APC ló ń du ipò l'Ékìtì, ìjọba Àbújá ló sì ni àjọ tó ti rédíò pa. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ti lágbára sí i, nítorí Is'haq Modibbo Kawu, olórí NBC fúnra rẹ̀, jáde du tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà APC ní ìpínlẹ̀ Kwara. Dádì Ìkéré ní, "Rẹfirí rèé, ó fọn fèrè sí wa, jẹ́sì ẹgbẹ́ kejì wà nínú àpò rẹ̀."

Lójú tèmi, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ohun tí Fáyóṣe ṣe kò dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dára kí ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ kan máa jókòó sórí àga ẹni tó ń ṣèdájọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó sọ méjèèjì pọ̀ lẹ́nu kan náà. Ẹni tó bá ti sọ ọ̀kan, á dákẹ́ lórí èkejì.

Yèyé ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rán wọn létí oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bọríowó ló borí Adékúnlé Ajásin. Iná jó ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. Yèyé ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba nígbà náà. Ó ní láti ọdún yẹn, bí òun bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ka èsì ìbò, òun á kọ́kọ́ palẹ̀ ọjà mọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nínú mi. Nígbà tí mo dé SS 1, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ìjọba ní kíláàsì, mo rí i pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ja ìjà yìí nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1953, John Macpherson, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, gba orí rédíò ìjọba, ó sì sọ̀rọ̀ burúkú nípa Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ èsì tí wọn kò jẹ́ kó fọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Rédíò WNBS náà sì tẹ̀ lé e. Inú bàbá mi máa ń dùn bó bá dé ibí yìí, á dà bí ẹni pé òun ló gbé òpó náà nàró.

Ibi tí ìtàn yẹn parí sí ni kì í fẹ́ kí n dé. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ń pariwo pé èrú wà nínú rẹ̀, Ládòkè Akíntọ́lá ni olórí ìjọba, òun ló sì ni ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba náà ní ìkáwọ́. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé rédíò ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé-ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ilé tí wọ́n kọ́ nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ẹnì kan fèsì ti di ilé tí a kò lè fèsì níbẹ̀ láìgbé ìbọn dání. Wọn kò pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó mú u lọ́wọ́ ni wọ́n pààrọ̀.

Ọdún 2022 dé, ìbò gómìnà tún kàn. Ẹgbẹ́ 16 ló fa olùdíje sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Yèyé bi mí pé ta ni àwọn tó ń du ipò náà. Mo ní kí òun náà ka àwọn tó mọ̀. Méjì ló dárúkọ. Ó ń gbọ́ rédíò láti ìdájí di òru, síbẹ̀ méjì péré nínú 16 ló mọ̀.

Ni mo bá mú ìwé-ìkọ̀wé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí tí Yèyé yóò fi sùn, mo ń kọ orúkọ olùdíje kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan bá dá, àti àkókò tí wọ́n dá a. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí n kò rò pé ó burú ju àwọn yòókù lọ. Olùdíje kan gba ojú ewé tirẹ̀ kún, ó tún wọ èkejì. Àwọn méjì mìíràn ní ìlà díẹ̀díẹ̀. Ojú ewé àwọn tó kù mọ́ bí àwo.

Mo gbé e fún tíṣà wa. Ó fi abala 95 Òfin Ètò Ìdìbò ti ọdún 2022 hàn mí. Òfin náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba fún gbogbo ẹgbẹ́ ní àyè ọgbọọgba, ní irú wákàtí kan náà, nígbà tí etí àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá rú u lè san ìtanràn mílíọ̀nù 2 náírà. Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé ibi tí wọ́n fi kún un pé lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti san owó tó yẹ. Ẹni tí kò lówó kò rú òfin, rédíò kò rú òfin, Yèyé nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun kan tún wà tí òfin kò lè fi owó wọ̀n. Bí ẹni tó wà nípò bá ṣí ilé-ìwòsàn, ìròyìn ni, ọ̀fẹ́ ni. Bí alátakò bá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn kan náà láti sọ pé kò sí oògùn níbẹ̀, ìpolówó ìbò nìyẹn, kó lọ sanwó. Mo fi èyí lọ bàbá mi. Ó ní rédíò náà ní láti jẹun, pé dísù ti gbówó lórí, pé ohùn kì í fò lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Dádì Ìkéré ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò ìwé mi láti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òun. Mo kọ̀, nítorí mo rántí ilé-iṣẹ́ rédíò kan náà yìí nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà lórí oyè, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbò, mo da orúkọ àwọn olùdíje 16 kọ láti inú ìwé tí INEC gbé jáde, mo sì wá ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òun yóò ṣe. Mo jókòó ti Yèyé, mo ń kà á. Fún àwọn mélòó kan, orúkọ àti ẹgbẹ́ nìkan ni mo rí. Nígbà tí mo dé orí ọ̀kan nínú wọn, Yèyé dá mi dúró. "Èyí ò lẹ́nu ni?" Mo ní mo wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, n kò rí i. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n fi àmì síbẹ̀.

N kò tíì kà á tán tí Dádì Ìkéré fi ní ohùn tí mo fi ka tiwọn kò dùn, pé mo fi ẹ̀rín ka ti APC, mo fi ohùn ìsìnkú ka ti PDP. Bàbá mi ní irọ́ ni. Yèyé ní kí Dádì Ìkéré fúnra rẹ̀ kà á. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á. Kò tíì dé ẹgbẹ́ karùn-ún tí bàbá mi fi ní ó ń sáré kọjá lórí ti APC. Yèyé ní kí bàbá mi gbà á. Ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe parí. Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀gúsí láti ìgbà yẹn wá, nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó kà á láti ìsàlẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ.

Òfin gba ẹni tí kò ríran láyè láti yan ẹni tí yóò tẹ̀ lé e débi àpótí ìbò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ọmọkùnrin méjèèjì wọṣọ, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹnì kọ̀ọ̀kan na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Yèyé pe ìyá mi. Títí di òní, ìyá mi kò sọ ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò kéde pé Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC ní 187,057, Ṣẹ́gun Òní ti SDP ní 82,211, Bísí Kọ́láwọlé ti PDP ní 67,457. Lẹ́yìn ìyẹn, orin ló kàn. Yèyé dín ohùn rédíò kù. "Ẹni tí kò lẹ́nu yẹn ńkọ́? Mélòó ni tirẹ̀?"

Mo gba fóònù bàbá mi, mo wá a títí mo fi rí i. Kò pọ̀. Mo kà á fún un, ó sì ní kí n tún un kà. Dádì Ìkéré yí ọrùn padà lórí àga, ó ní, "Yèyé, ṣé òun lẹ dìbò fún ni?"

Yèyé ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀.