Tíví Wo La Máa Rà fún Bàámi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òwú gígùn ni mo fẹ́ ran lónìí o. Ọ̀rọ̀ tíví ni. Tẹ́ ẹ bá ń gbèrò láti ra tíví tuntun sílé àwọn òbí yín, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa ní Òkìtìpupa, ẹ kà á dópin. Ìṣirò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò nìkan.

Oṣù Kejìlá 2023 ni tíví àtijọ́ ilé wa kú. Iná kan ló dé pẹ̀lú agbára òjijì, a gbọ́ "pàù", òórùn ike tó jó sì gba gbogbo pálọ̀. Ó parí nìyẹn.

Nílé ẹlòmíì, kí tíví kú kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Fóònù ò kúkú wọ́n lọ́wọ́ àwa ọmọ. Bàámi lọ̀rọ̀ kàn. Láti 2022 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, apá ọ̀tún wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà, tó máa ń yà kí gbogbo ọ̀rẹ́ lọ́nà, ti wá di ẹni tó ń jókòó sórí àga kan náà láàárọ̀ dalẹ́. Tíví yẹn ni fèrèsé tí wọ́n fi ń wo ayé. Nígbà tó kú, wọn ò ráhùn rárá. Ṣe ni wọ́n ń wo ògiri. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Àwa ọmọ mẹ́rin dáwó jọ, ó pé ₦400,000. Bí owó ṣe pé báyìí ni ogun bẹ́ sílẹ̀ lórí gúrúùpù WhatsApp ìdílé.

Bọ̀dá mi àgbà tó wà l'Ékòó ní 55 ínṣì ni ká rà, 4K, ká má ṣe ohun tí àlejò máa fi rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ní Smart ni, kí bàámi lè máa wo ìsìn lórí YouTube. Àbúrò mi ní tòkunbọ̀ ló ń lálòpẹ́. Màámi ò tẹ nǹkan kan, ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà sílẹ̀, èwo ni iná máa gbé?"

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè yẹn o. Ẹni tó bá mọ gúúsù Òǹdó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ló wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Jẹnẹrétọ̀ la fi dàgbà. Lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Epo pupa ni màámi ń tà. Wọ́n mọ iye kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà kí wọ́n tó ra kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan.

Èmi ni mo wà nílé, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí rèé.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ "HD" tí wọ́n máa ń kọ sára páálí. Àwọn àmì tín-ín-tín tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ló ń di àwòrán lójú tíví, pixel ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ tíví 32 ínṣì tí wọ́n kọ "HD" sí lára, 1366 × 768 ni, ìyẹn bíi mílíọ̀nù kan. Full HD jẹ́ 1920 × 1080, bíi mílíọ̀nù méjì. 4K jẹ́ 3840 × 2160, bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ. Nítorí náà, tí ẹni tó ń tajà bá ní "HD ni", ẹ bi í pé HD wo?

Ìkejì, kí lẹ fẹ́ fi wò ó? Dikódà ni bàámi ń lò, àwòrán tó ń ti inú ẹ̀ wá ò dé 4K rárá. Àǹtí mi ní ká fi íntánẹ́ẹ̀tì wò ó. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan HD lè jẹ tó 3GB dátà, 4K sì lè jẹ tó 7GB. Ta ló máa ra dátà yẹn lóṣooṣù? Kẹ́kẹ́ pa lórí gúrúùpù.

Ẹ gbọ́ èyí náà: okùn aláwọ̀ mẹ́ta àtijọ́ yẹn, èyí tó ní yẹ́lò, pupa àti funfun, kò lè gbé HD. Tí ẹ bá ra tíví olówó iyebíye, tí ẹ tún fi okùn yẹn so dikódà mọ́ ọn, àwòrán àná náà lẹ máa wò lójú tíví tuntun. HDMI ni kẹ́ ẹ lò.

Ìkẹta, iná. Ẹ yí ẹ̀yìn tíví wò, wọ́n máa ń kọ iye wáàtì síbẹ̀. 43 ínṣì tí mo wò ń jẹ bíi wáàtì 70. 55 ínṣì tí bọ̀dá mi fẹ́ ń jẹ bíi 130. Ẹ fi wáàtì 10 ti dikódà kún un. A ní inverter kékeré kan nílé tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Bátìrì 12V, 100Ah, wáàtì-wákàtí 1,200 ló lè gbà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ má lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 600. Inverter náà á jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. 43 ínṣì á lò tó wákàtí mẹ́fà. 55 ínṣì ò ní ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wákàtí méjì tó wà láàárín wọn yẹn, nílé wa, ìròyìn alẹ́ àti bọ́ọ̀lù ni.

Bọ̀dá mi ò gbà. Wọ́n ní ojú bàámi ti ń ṣú, tíví ńlá ni wọ́n nílò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mi ò lè jiyàn. Màámi ló dá sí i: "Ẹ bi ẹni tó ni ojú."

Mo lọ bá bàámi. Ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu wọn mọ́, ó gba sùúrù. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn. Mo fẹ́ rí nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn."

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Wọ́n wá rọra sọ ìtàn ọdún 1980 fún mi. WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn láti 31 oṣù Kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n lógún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé tíṣà kan ṣoṣo ni tíví wà ládùúgbò wọn. Ojú fèrèsé ni àwọn ọmọdé dúró sí lọ́jọ́ tí Nàìjíríà na Àlùjíríà 3–0 l'Ékòó, 22 oṣù Kẹta. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Bàámi gbọ́ ariwo, wọ́n fò sókè, ṣùgbọ́n orí àwọn àgbà bo tíví náà, wọn ò mọ ẹni tó gbá a. Ẹlòmíì ló sọ fún wọn.

Mo mú téèpù, mo wọn pálọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ló wà láàárín àga bàámi àti ògiri. Mo ṣe ìṣirò kan: tí ẹ bá jókòó sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà síwájú 43 ínṣì, bó ṣe máa tóbi lójú yín á ju ti 55 ínṣì lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, díẹ̀ báyìí. Ohun tó kù ni ká sún àga síwájú. Àga ò jẹ iná, àga ò mu epo. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yẹn, lójú 43 ínṣì, ojú ènìyàn ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ Full HD sí 4K.

Mo fi ìṣirò náà ránṣẹ́. Bọ̀dá mi dákẹ́ fún bíi wákàtí kan, wọ́n wá kọ ọ́ pé: "Ó dáa. Ẹ rà á."

43 ínṣì Full HD la rà, tuntun, tó ní wáráńtì. Tòkunbọ̀ lè dáa o, àmọ́ tó bá bàjẹ́, ta lẹ máa dá a padà fún? Owó tó kù la fi ra bátìrì, sítábíláísà àti sípíkà kékeré, torí tíví pẹlẹbẹ ìsinsìnyí, ohùn wọn tín-ín-rín, bàámi ò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Kí n tó sanwó, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ tíví náà láti wò ó bóyá àwọ̀ ẹ̀ máa ṣá, torí bàámi máa ń fẹ̀gbẹ́ tì. A gbé e sí ibi tó bá ojú wọn dọ́gba, kì í ṣe òkè ògiri tí wọ́n á máa na ọrùn sí.

Alẹ́ 7 oṣù Kejì 2024, Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní AFCON ní Côte d'Ivoire. Ẹ̀rù ń ba màámi, wọ́n ní, "Ẹ ò ní fi bọ́ọ̀lù pa ọkọ mi o." Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, torí lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e pé ẹ̀mí àwọn kan bọ́ níbi tí wọ́n ti ń wo ìdíje yẹn. Èmi jókòó ti bàámi, mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. Nàìjíríà gba pẹ́nárítì, bọ́ọ̀lù wọlé. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tíví tó dárúkọ, bàámi ti nàka òsì sí i: "Nọ́ńbà 5."

Troost-Ekong ni. Nọ́ńbà 5 ni lóòótọ́.

A borí lọ́jọ́ náà, a wá pàdánù 2–1 ní àṣekágbá lọ́jọ́ kọkànlá. Iná ìjọba lọ láàárín eré náà. Inverter gbé e dópin.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tíví sílé, ẹ wọn pálọ̀, ẹ ka wáàtì, ẹ wo okùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ bi ẹni tó máa jókòó síwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ló fẹ́ rí. Kí ni tàwọn òbí yín máa sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.