Oòrùn Ìjan, Oòrùn Ìyìn: Bí a ṣe ń ya Fọ́tò Mọ́tò ní Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyálé àti ìyàwó. Ọ̀rọ̀ fọ́tò mọ́tò ni. Ẹni tí kò ní mọ́tò, kí ó má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí fọ́tò ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó fojú kan mọ́tò tí yóò rà.

Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra mọ́tò ní láti lọ dúró tì í, kí ó fọwọ́ gbá a lára, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Lóde òní, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó yóò ti rí mọ́tò tí ẹ fẹ́ tà ní Adó lórí fóònù rẹ̀, kí ó tó pinnu bóyá òun yóò wọkọ̀ wá wò ó. Fọ́tò yẹn ni ó ń bá a dúnàádúrà kí ẹ̀yin fúnra yín tó lanu sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣókùnkùn, tí ó sì rí wúruwùru, oníbàárà yóò ní ẹ ń fi nǹkan pamọ́, yóò sì gé owó yín lulẹ̀.

Mo ti gbé kámẹ́rà yí Adó ká, mo ti gbé e dé Ìkẹ́rẹ́, mo sì ti gbé e dé Ìyìn àti Ìgèdè. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe kámẹ́rà olówó ńlá ni ó ń mú kí fọ́tò mọ́tò dára. Ẹni tí ó bá mọ ìlú rẹ̀, tí ó mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tí ó ń wọ̀ sí, fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó o.

ỌNÀ MẸ́RIN ADÓ

Bí ènìyàn bá dúró láàárín ìlú Adó, Ìjan ni ó wà ní ìlà-oòrùn, Ìyìn ni ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, Ifàkì wà ní àríwá, Ìkẹ́rẹ́ sì wà ní gúúsù. Nítorí náà, láti ìhà Ìjan ni oòrùn ti ń yọ sí wa, ìhà Ìyìn ni ó sì ń wọ̀ sí. Ọmọ Adó ti mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé kámẹ́rà tán, a gbàgbé rẹ̀.

Bí ó ti wúlò tó nìyí. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, bí ó tilẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, gúúsù ni ó dojú kọ. Bí ẹ bá gbé mọ́tò sí ẹ̀bá ọ̀nà náà, tí imú rẹ̀ kọ sí Ìkẹ́rẹ́, oòrùn yóò tan sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ní òwúrọ̀, yóò sì tan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Ìyìn, imú tàbí ìdí mọ́tò ni oòrùn yóò bá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya iwájú mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kọ imú rẹ̀ sí Ìyìn; ní òwúrọ̀, kí ó kọ ọ́ sí Ìjan. Kí ayàwòrán náà kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ṣùgbọ́n kí ó yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí òjìji òun fúnra rẹ̀ má baà nà lé mọ́tò lórí. Kí ó sì kúrò lójú títì pátápátá, nítorí fọ́tò kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí rà.

Ọ̀SÁN GANGAN

Ilẹ̀ Èkìtì súnmọ́ ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró ṣánṣán lókè orí wa ní Adó: ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí aago kan ọ̀sán bá ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ní àwọn ọjọ́ yòókù pàápàá, kì í jìnnà sí àtàrí lọ́sàn-án. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òrùlé mọ́tò àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò máa kọ mànà bíi páànù tuntun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn débi pé ẹ kò ní rí táyà.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán wà fún ọjà títà. Àkókò fọ́tò ni ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àti láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí tí yóò fi wọ̀. Bí ó bá wọ̀ tán, ẹ má tíì lọ sílé: ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run a máa tẹ́ pẹrẹsẹ sára mọ́tò. Bí ó bá di dandan kí ẹ yà á lọ́sàn-án, ẹ wá òjìji ilé gíga. Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jò láàárín ewé yóò mú kí mọ́tò rí tótòtó bí ẹkùn.

MỌ́TÒ JẸ́ DÍŃGÍ

Ní àdúgbò Fájuyì, níbi tí ọgbà ìrántí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì wà, ọmọ Adó tí wọ́n pa ní oṣù Keje 1966, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù yẹ́lò, tí ó ń ya mọ́tò dúdú. Nígbà tí ó fi fọ́tò náà hàn mí, ènìyàn yẹ́lò kan wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ni! Díńgí ni ara mọ́tò. Ohunkóhun tí ó bá dojú kọ ọ́ ni yóò gbé jáde: agbòòrùn ọjà, pátákó ìpolówó, ọ̀kadà tí ń kọjá. Kí ayàwòrán wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ tí kò tàn, kí ó sì wá ibi tí ojú ọ̀run àti ilẹ̀ gbalasa nìkan yóò dojú kọ mọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ fẹ́ ta Corolla rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, kí ó lè san owó ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ó ti yà á nínú àgbàlá rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ káàkiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá; ẹni tí ó dáhùn ń ná an bí ìgbà tí ènìyàn ń ná irin àlòkù. Mo wo fọ́tò náà. Ewúrẹ́ méjì wà nídìí táyà, òpó iná hù lórí òrùlé mọ́tò bí ìwo, àwòrán ògiri àti garawa sì lọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn débi pé ilẹ̀kùn tí kò ní nǹkan kan rí bí èyí tí ó tẹ̀ wọnú. Ìwé ilé-ìwé sì ti sọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Mo ní, “Tíṣà, ẹ lọ fọ mọ́tò, kí á lọ sí Ìkẹ́rẹ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ òkè Olósùnta, àpáta ńlá tí a ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ibi ọ̀wọ̀ ni, nítorí náà a kò súnmọ́ ọn. A tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kan lókèèrè, níbi tí àpáta náà ti hàn lẹ́yìn mọ́tò láìsí òpó, láìsí okùn aṣọ. Mo ní kí ó yí sítíárìn díẹ̀, kí ojú ríìmù táyà iwájú kọ sí mi. Mo rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo kúnlẹ̀ kí kámẹ́rà lè wà ní ìbámu pẹ̀lú iná iwájú, mo sì fa àwòrán náà súnmọ́ lórí fóònù ní ìlọ́po méjì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ jìnnà tó báyìí?”

Mo ní, “Bí mo bá súnmọ́ ọn, imú rẹ̀ yóò wú bí ẹni tí oyin ta.”

Lẹ́yìn èyí a ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ́ńjìnnì, àga inú, táyà, àti nọ́ńbà kìlómítà tí ó ti rìn. Ó ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí géètì ti ha á. Tíṣà ní kí á fò ó. Mo kọ̀. A fi bírò kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ha náà, kí ènìyàn lè mọ bí ó ti gùn tó, a sì yà á. Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ kejì. Ó lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn yẹn, ó wò ó, ó ní, “Bí mo ti rí i náà ni ó rí.” Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ wọn kò le mọ́. Owó ilé-ìwé wọlé kí ọjọ́ tó pé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ fọ́tò kò tilẹ̀ tó ogún ọdún, ọjọ́ tí oníbàárà bá dé ni.

ÀWỌ̀, ÒJÒ ÀTI ỌYẸ́

Kámẹ́rà kò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú bí ojú wa ti mọ̀ ọ́n. Mọ́tò funfun a máa rí bí eérú nínú fọ́tò, dúdú a sì máa ṣá. Ẹ fọwọ́ kan àwòrán mọ́tò lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ funfun, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ dúdú, ẹ dín in kù. Bí gíláàsì iwájú bá ń kọ mànà, ẹ mú awò òòrùn irú èyí tí wọ́n ń pè ní polaroid, ẹ fi bo ojú kámẹ́rà, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí inú mọ́tò.

Ní ìgbà òjò, ẹ má ṣe bínú sí kùrukùru. Ó dà bí aṣọ funfun tí a ta bo oòrùn, ẹ lè yàwòrán lọ́sàn-án pàápàá. Ẹ kàn nu ẹrẹ̀ pupa kúrò lára táyà. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tí ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo àwọn òkè Èkìtì mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ mú àkísà lọ́wọ́, nítorí mọ́tò tí ẹ nù ní Adó yóò ti funfun kí ẹ tó dé Ìgèdè.

FỌ́TÒ TÍ A KÒ NÍ TÀ

Ẹ wo fọ́tò àtijọ́ tí ó wà lára ògiri pálọ̀ yín, níbi tí bàbá ti fara ti mọ́tò. Bí sítíárìn bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò náà ti wà ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì sílẹ̀, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, tàbí Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n tò ní Èkó, kò lè ju 1975 lọ sẹ́yìn, nítorí ọdún náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ méjèèjì. Mọ́tò náà lè ti di irin, bàbá náà lè ti di ẹni ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì ń fi ìka tọ́ka sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lé ẹni tí ó rà á lọ́wọ́, ẹ ya ọ̀kan tí ẹ kò ní fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kankan. Ẹ gbé e síta ní òwúrọ̀, kí ẹ kọ imú rẹ̀ sí Ìjan, kí ẹ̀yin àti àwọn tí ó gbé lọ sí ilé-ìwé àti sí ọjà dúró tì í. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo wọn àti ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.