Irú Function Nínú Ìrànlọ́wọ́ Emacs: Ohun tí Ó Ń Gbà àti Èsì tí Ó Ń Dá Padà

Nínú iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, function ni wọ́n ń pe àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ, tí ó máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é, tí ó sì máa ń dá èsì padà. Bóyá nọ́ńbà ni ohun tí ó ń gbà tàbí ọ̀rọ̀, àti bí èsì rẹ̀ ṣe rí, ni a ń pè ní irú function náà. Emacs, ohun èlò ìkọ kóòdù tí Richard Stallman àti Guy Steele bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní ọdún 1976, gbé àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ sínú ara rẹ̀, débi pé ẹni tó bá tẹ Ctrl-h, tí ó sì tẹ f, yóò rí àlàyé function tó bá dárúkọ. Láti ẹ̀dà 30, tí ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025, ni àlàyé náà ti ń sọ irú function pẹ̀lú.

Ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, atẹ̀wé tó mọṣẹ́ kì í ṣètò pléètì ìtẹ̀wé kí ó tó mọ bí bébà ṣe máa nípọn tó, iye àwọ̀ tí yóò wà lára iṣẹ́ àti iye ẹ̀dà tí oníbàárà ń fẹ́, nítorí pé bí íńkì bá ti kan bébà, owó mìíràn ni àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irú function ṣe yẹ kó di mímọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ní Bàrígà, lẹ́bàá Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọ́kà, àǹfààní rẹ̀ tún pọ̀ sí i: inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni àlàyé náà wà, kò sì ní láti ra dátà kó tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo getenv, function tó ń wá iye tí a fi pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan nínú àyíká ètò. Irú rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ló ń gbà, àti pé ọ̀rọ̀ tàbí nil, ìyẹn òfo, ló ń dá padà. Ẹni tí kò kíyè sí nil yìí yóò gbé èsì náà lé function mìíràn tó ń retí ọ̀rọ̀ nìkan lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni Emacs yóò kọ wrong-type-argument sí i lójú, nígbà tó jẹ́ pé ibòmíràn ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀.

Orísun irú function pín sí méjì, ìyàtọ̀ yìí ló sì yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn jù lọ. Irú kan wà tí compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, fúnra rẹ̀ fà yọ láti inú kóòdù. Òmíràn ni èyí tí ẹni tó kọ function náà kéde pẹ̀lú ftype. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí kóòdù ń ṣe lónìí, ó sì lè yí padà bí kóòdù bá yí padà, ṣùgbọ́n ìlérí ni ìkéde jẹ́. Ìlérí tí kò jẹ́ òótọ́ sì léwu, torí pé ó lè mú kí Emacs kú lójijì bí wọ́n bá ti dín ààbò compiler kù dé òdo. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni kéde irú tí kò dá a lójú.

Síbẹ̀, irú nìkan kò tó. Ti getenv sọ pé nil lè wáyé, kò sọ ìgbà tó máa ń wáyé. Gbólóhùn àlàyé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló sọ pé bí orúkọ náà kò bá sí nínú àyíká ètò ni.