Tẹ́tẹ́ Kì í Ṣe Òwò

Ọmọ Kétu ni mí. Àgbàdo ni mo ń tà. Mùsùlùmí sì ni mí. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé: «Ìyá alágbàdo, kí ló dé tí ẹ kì í ta tẹ́tẹ́ lótò?»

Èsì mi nìyí. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá a máa fi ọfà ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran ràkúnmí. Ẹni tó pàdánù ló ń san owó ràkúnmí. Ẹni tó jẹ a sì pín ẹran fún àwọn aláìní. Oore wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Kùránì, Súrà 2, ẹsẹ 219, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Súrà 5, ẹsẹ 90 àti 91, wá kà á léèwọ̀. Ó ní Ṣàìtánì ń fi tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá sílẹ̀, ó sì ń fi dí ènìyàn lọ́wọ́ ìrun.

Lótò ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1967, nígbà tí Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey. Wọ́n ní owó rẹ̀ ń ṣe ìlú lóore. Mi ò jiyàn. Ẹran ràkúnmí náà ṣe aláìní lóore.

Bí mo bá ta àgbàdo, èmi gba owó, oníbàárà gbé oúnjẹ lọ. Nínú tẹ́tẹ́, kí ẹnì kan tó jẹ, ọ̀pọ̀ ní láti pàdánù. Mo mọ ilé kan tí owó irúgbìn bá lótò lọ. Òjò rọ̀, oko ṣófo, ọkọ àti aya di ọ̀tá ara wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi owó irúgbìn ra irúgbìn. Òógùn ojú ẹni ni oúnjẹ tó mọ́.