Ó Dàárọ̀

Nínú gbogbo ìkíni Yorùbá, bóyá ni a rí èyí tí ó rọrùn lẹ́nu tó 'ó dàárọ̀'. Tọmọdé tàgbà ni ó ń wí i láìronú pé àdúrà ni: pé kí ilẹ̀ mọ́, kí a tún fojú kan ara wa. Èmi tí mo fi kíkọ́ni ní èdè yìí ṣe iṣẹ́ kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, títí di alẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi kọ̀ láti dá mi lóhùn.

Ọdún 2016 ni. Jẹjẹrẹ ọmú ti ràn dé eegun ẹ̀yìn wọn, àwọn dókítà sì ti sọ pé kò gbóògùn mọ́. Wọ́n fà wá lé àwọn olùtọ́jú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ara tu aláìsàn lọ́wọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé nǹkan kan wà láàárín àìsàn àti ikú tí ó yẹ ní wíwò. Oorun ni nǹkan náà. Lọ́sàn-án, màmá a máa tòògbé. Lóru, ojú wọn a là kedere títí àkùkọ yóò fi kọ.

Nọ́ọ̀sì tí ó ń wá sílé bi mí pé, "Aago mélòó ni ẹ ń fún màmá lóògùn?" Mo ṣàlàyé. Ó ní oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tí à ń fún wọn nírọ̀lẹ́ a máa lé oorun lọ. Àárọ̀ ni kí a máa lò ó. Ní ti mọfíìnì olómi, à ń dúró kí wọ́n kérora kí a tó fún wọn. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn pé aago ni kí a fi máa lo oògùn ìrora, kí a má dúró de ìrora. Wákàtí 4 ni agbára rẹ̀ mọ. Nítorí náà, dókítà fọwọ́ sí i pé kí ti àkókò oorun jẹ́ ìlọ́po méjì, kí ìrora má baà jí wọn láàárín òru.

Ìrora rọlẹ̀, síbẹ̀ màmá kò sùn. Nọ́ọ̀sì tún bi mí pé, "Ṣé ẹ ti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rò?" Ẹ̀kọ́ Cicely Saunders nìyẹn, obìnrin tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967: pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan, ọkàn àti ẹbí ní tiwọn níbẹ̀.

Mo bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù oorun ń bà mí. Bí mo bá sùn tí n kò jí ńkọ́? Gbogbo yín ń wí pé ara mi yóò yá. Ta ni kí n wá bá sọ̀rọ̀?"

Ojú tì mí. Bí àgbà bá kú, àwa náà ni à ń wí pé ó sùn. Ìyá mi sì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. 'Ara yóò yá' tí mo kà sí ìtùnú ni ó sé wọn lẹ́nu.

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́, màmá." Wọ́n sọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí a fi sin wọ́n, gbèsè tí wọ́n jẹ obìnrin kan lọ́jà, àti ọ̀rọ̀ àbúrò mi tí a ti jọ ń bínú síra láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ṣèlérí pé n óò lọ bá a. Nígbà tí wọ́n parí, mo ní, "Ó dàárọ̀, màmá." Wọ́n ní, "Ó dàárọ̀, ọmọ mi." Wọ́n sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tún lò sí i. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo aago oògùn. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó, kí ó béèrè, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ èsì.