Ìró Ẹtù Ìyá Àgbà

Àpótí onípákó kan wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi tí n kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣí. Bí a bá gbé ọmọrí rẹ̀ sókè, òórùn káńfọ̀ ló ń kọ́kọ́ kí ni. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìró ẹtù kan wà tí ìyá tó bí ìyá mi rà ní ọjà Òjé, n'Ìbàdàn, ní ọdún 1956. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi ni mo sì gbé igbá tẹ̀ lé wọn. Mo ṣì ń ró ìró náà títí di òní.

Ọjọ́ 16 síra wọn ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ Òjé. Àwọn ahunṣọ á ti Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wá, aṣọ òfì á wà ní ìdì-ìdì, ilẹ̀ kò sì ní tíì mọ́ tán tí àwọn alágbàtà á ti kún ibẹ̀. Ìyá àgbà kì í bá wọn lọ ní ìdájí. Wọ́n á jẹ ẹ̀kọ wọn, wọ́n á dúró títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé èyí tó dára kò ní tán kí a tó débẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń fi àtùpà ra aró?"

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ wá ibi jókòó. Wọ́n gba ẹtù àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, wọ́n fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, wọ́n fi ìka tú lílọ́ rẹ̀, wọ́n sì wo inú rẹ̀. Òwú náà funfun nínú. Wọ́n rọra ká aṣọ náà padà bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n ní, "Ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè," a sì kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá àgbà ni aláró, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi pa mọ́ fún wọn nínú ọ̀rọ̀ aró. Èmi náà mọ ẹ̀yìnkùlé aláró yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù sá sóòrùn, kí wọ́n tó fi omi eérú pò ó sínú ìkòkò kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá fa òwú jáde nínú ìkòkò, bí ewé tútù ló máa ń rí. Kí o tó ka ení dé ẹẹ́wàá, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú rẹ báyìí. Òwú tó bá fẹ́ di ẹtù gidi, wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, lọ́pọ̀ ìgbà, títí aró á fi dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n bá kán lójú, ara rẹ̀ nìkan ni aró máa ń mọ. Ọṣẹ á kó o lọ kí ọdún tó yí po.

Ẹnì kẹta ni wọ́n bá òwú tó dúdú dénú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n na aṣọ náà sí oòrùn, wọ́n wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọjú láàárín òwú. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ojú rírán tó so àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ró o lé ìró ara wọn, wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ Òjé. "Aṣọ tí n kò bá lè fi kúnlẹ̀ kí àgbà," wọ́n ní, "kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?"

Ká sòótọ́, àlàárì ni èmi fẹ́ kí wọ́n rà. Ó pupa, ó ń dán, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ìyá àgbà kò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé àlàárì náà sí abẹ́ àgbọ̀n wọn, wọ́n ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Àlàárì, mà."

Wọ́n gbé ẹtù síbẹ̀. "Kí lo rí báyìí?"

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo rí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Gbági ni ìyá mi ní tiwọn ti ń rajà, Gbági àtijọ́ nítòsí Dùgbẹ̀, níbi tí àwọn Kòráà, àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, ní ṣọ́ọ̀bù sí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n ra kàkí fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n sì sọ fún télọ̀ pé kí ó ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ nípọn. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń gùn, ìṣẹ́tí á máa tú. Ṣòkòtò kan á lo ọdún mẹ́ta. Nígbà tó sì yá tí pólísítà wọ ìgboro, ìyá mi kì í ra aṣọ láìbéèrè fọ́nrán kan. Wọ́n á ṣáná sí i: bí ó bá jó bí bébà tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, òwú ni, bí ó bá kákò, tó di kókó líle, wọ́n á dá a padà.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú mi rí yìí, mo ṣì ṣìnà. Owó Údójì, ẹ̀kúnwó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ló dé ní ọdún 1975. Olùkọ́ ni mí, wọ́n san àjẹsẹ́yìn fún wa lẹ́ẹ̀kan náà, ìlú sì gbóná. Lẹ́ẹ̀sì láti Austria ni gbogbo obìnrin ń lò. Wọ́n mú aṣọ ẹbí fún ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù lọ lálẹ́, mo ra yáàdì márùn-ún lábẹ́ iná mànàmáná. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ lójú ọ̀sán, àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ ń pariwo, ojú mi sì rí bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ooru mú mi, ìṣó àga fa iṣẹ́ ara rẹ̀ tú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kò sí láyé mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn wọn lórí ọ̀rọ̀ àtùpà yẹn gan-an.

Ó ń dùn mí pé owó púpọ̀ ṣì ń lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ayẹyẹ ọjọ́ kan. Sányán, baba aṣọ, tí wọ́n ń fi okùn ìtẹ́ kòkòrò inú igbó hun láyé àtijọ́, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ báyìí, ọ̀pọ̀ kì í sì í béèrè. Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ ra bọ́síkọ́nà, aṣọ àlòkù, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀ lójú oòrùn, wọ́n ń yẹ abíyá wò, wọ́n ń fa sípù sókè sódò. Ọjà ni wọ́n ń rà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ mi ní òun fẹ́ ìró ẹtù náà fún ìgbéyàwó òun. Ọ̀já kan ti ń fẹ́lẹ́ níbi tí a máa ń jókòó lé. A tú ojú rírán rẹ̀, a gbé ọ̀já náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó máa ń wà nínú, a fi èyí tó le sí ipò rẹ̀, a sì rán an padà lọ́wọ́. Ó gbá a mú, ó fẹ́ sáré lọ síwájú dígí nínú yàrá. Mo ní kó jáde sí gbàgede ná. Ó ró o, ó yí po nínú oòrùn, ó sì kúnlẹ̀. Ìró náà bò ó lórúnkún dáadáa.